Òkè ló ti jẹrà: bí dẹ́kìn ibùdó omi ìdọ̀tí kan ṣe já ní Ìkòròdú

Ọ̀sán Sátidé ni dẹ́kìn náà já. Ọlọ́dẹ ẹ́sítéètì máa ń gbé àga rẹ̀ sórí rẹ̀ nítorí ibòòji igi máńgòrò tó wà níbẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti lọ ṣí géètì fún ọlọ́kadà kan ni òun gbọ́ "gbì!" lẹ́yìn òun. Kó tó bojú wẹ̀yìn, àga ti wọlé. Ihò tó ṣí sílẹ̀ fẹ̀ tó ẹnu ilẹ̀kùn, òórùn tó sì jáde níbẹ̀ lé gbogbo ará ilé tó wà nítòsí sẹ́yìn.

Ẹ́sítéètì yìí wà lọ́nà Ìgbógbó, ní Ìkòròdú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ kọńtíráátọ̀ tó kọ́ ibùdó náà. Ilé bí ọgọ́rin ló wà níbẹ̀. Dípò kí olúkúlùkù gbẹ́ sọkàwéè sẹ́yìn ilé rẹ̀, páìpù ló ń kó omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi ìwẹ̀ àti omi ilé ìdáná gbogbo wọn jọ sójú kan, sínú kànga kọnkéré kan tó jìn ní mítà mẹ́rin, tí pọ́ǹpù méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn pọ́ǹpù yẹn ló ń ti omi lọ sí tánkì tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, láti ibẹ̀ ó lọ sí tánkì tí ẹrẹ̀ ti ń silẹ̀, kó tó wá ṣàn jáde. Dẹ́kìn tó bo kànga pọ́ǹpù yẹn ló já. Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ń lò ó. Ẹni tó bá ya àwòrán irú iṣẹ́ báyìí, àádọ́ta ọdún ló máa ń fọkàn sí.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ti dá ẹjọ́ tán. Alága ìgbìmọ̀ ẹ́sítéètì kò tíì kí mi tán tó fi sọ pé, "Ẹnjiníà, olè ni ọkùnrin yẹn. Sìmẹ́ǹtì ló jí kó." Akọ̀wé ní rárá o, iyanrìn ni. Bàbá bíríkìlà kan tó ń gbé àdúgbò náà, ẹni tí wọ́n pè wá láti wá wo iṣẹ́, ní ohunkóhun tí ìgbẹ́ bá ń gbé inú rẹ̀ lójoojúmọ́, dandan ni kó jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá. Èmi náà ní tèmi nínú: ọ̀rọ̀ iyanrìn ni mo fi sọ́kàn. Iyanrìn tí wọ́n ń fa láti inú ọ̀sà lápá Báyékù àti Májídùn ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ilé Ìkòròdú. Nígbà òjò, omi odò máa ń lé iyọ̀ kúrò nínú ọ̀sà. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a padà wọlé, ọ̀sà a sì níyọ̀. Iyanrìn tí wọ́n bá fà lásìkò yẹn tí wọn kò fi omi tó dáa ṣàn, iyọ̀ inú rẹ̀ yóò máa jẹ irin inú kọnkéré títí yóò fi wú, tí yóò sì la kọnkéré. Mo ti rí i nínú òpó ilé tó pọ̀. Mo gbà pé òun náà ni màá bá.

Òun kọ́ ni mo bá.

Àmọ́ ká tó wọlé. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá bíríkìlà ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó ti mu mílíìkì inú tíìnì kan, ó ti lá epo pupa lé e, ó fi áńkáṣíìfù dí imú, ó fẹ́ gba inú ihò yẹn wọlé lọ yọ àga ọlọ́dẹ. Mo pariwo mọ́ ọn débi pé ó bínú. Mílíìkì àti epo pupa kò lè ṣe nǹkan kan fún ẹni tó bá mí afẹ́fẹ́ inú irú kànga bẹ́ẹ̀ símú. Háídírójìn sọ́fáìdì ni afẹ́fẹ́ náà, èyí tó ń rùn bí ẹyin ọ̀bu. Ó wúwo díẹ̀ ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ló sì máa ń sá pamọ́ sí. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé bó bá ti tó nǹkan bí 100 nínú mílíọ̀nù kan, ó máa ń pa imú. Èèyàn kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, á rò pé ó ti lọ. Bó bá dé 500 sí 1,000, ẹni tó mí i kì í pẹ́ ṣubú. Ẹni tó bá wá sọ̀kalẹ̀ lọ gbé e náà á ṣubú tì í. Bí àwọn ìròyìn ẹni mẹ́ta tó kú sínú sọkàwéè kan ṣoṣo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ṣí gbogbo ìdérí, a fi fáànù ńlá fẹ́ atẹ́gùn wọlé fún odindi òwúrọ̀, mo fi ẹ̀rọ tí ń ka afẹ́fẹ́ burúkú wò ó láti òkè títí dé ìsàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ wọ ibẹ̀, a sì so okùn mọ́ ẹni tó wọlé. Àga ọlọ́dẹ? Ọjọ́ kejì la tó yọ ọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nínú kànga ni pé mo gbé òòlù. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí omi ìdọ̀tí máa ń wà tọ̀sán tòru. Ó dún kó-kó-kó bí irin. Lẹ́yìn tí a fi omi ẹ̀rọ alágbára ṣan ọ̀rá yíyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, ojú ògiri náà ṣì ń dán. Àmì pákó tí wọ́n fi dá a ṣì hàn lára rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Mo ń gòkè bọ̀. Nígbà tí mo kọjá ibi tí omi máa ń ga dé, ohùn òòlù yí padà. Ó di bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀. Mo ju òòlù sílẹ̀, mo mú sukurudíráfà, ó wọ inú ògiri bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ inú ẹ̀kọ tútù. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn funfun, ó tutù, ó rọ̀. Ní abẹ́ dẹ́kìn fúnra rẹ̀, òkúta gíránáìtì yọ síta bí eyín arúgbó tí erìgì rẹ̀ ti sún sẹ́yìn, nítorí pé sìmẹ́ǹtì tó di wọ́n mú ti lọ, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti já bọ́ sínú omi. Irin mílímítà 12 ti tín-ín-rín débi pé mo fi ọwọ́ ṣẹ́ ọ̀kan.

Mo pe Alága wá sẹ́nu ihò, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ìlà kan wà lára ògiri yí ká kànga, ó tọ́ bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, òkè rẹ̀ ti rà. Ó ní, "Ṣé bó ṣe jí sìmẹ́ǹtì kó ní apá òkè nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ọgbọ́n, nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń da ògiri tó ga báyẹn. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n ti so kọnkéré ọjọ́ kìíní mọ́ ti ọjọ́ kejì ṣì hàn gbangba, ó sì fi bí ogójì sẹ̀ǹtímítà ga ju ìlà tí mo ń sọ lọ. Olè kì í fi ojú ìlà omi ṣe ààlà olè rẹ̀.

Mo tún la ògiri náà láti ìta, níbi tí ó ti yọ lórí ilẹ̀ ní ìdajì mítà. Iyanrìn kan náà, sìmẹ́ǹtì kan náà, ọwọ́ bíríkìlà kan náà. Irin inú rẹ̀ ṣì mọ́. Ká ní iyọ̀ Báyékù ni, ibẹ̀ ni ìpẹtà ìbá ti kọ́kọ́ yọjú, nítorí ibẹ̀ ni atẹ́gùn àti ọ̀rinrin ti ń pàdé. Bí mo ṣe pàdánù ẹjọ́ tèmi náà nìyẹn.

Àyẹ̀wò méjì tó kù kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Bébà tí a fi ń wo àsíìdì, tí a tẹ̀ mọ́ ara nǹkan funfun yẹn, pọ́n wẹ̀ẹ̀: pH rẹ̀, ìwọ̀n tó máa ń kéré bí àsíìdì bá ṣe ń pọ̀, wà láàárín 1 sí 2. Kọnkéré tuntun máa ń wà ní nǹkan bí 12 àbọ̀ sí 13. Lẹ́yìn náà ni mo gé ègé kan láti ara ògiri òkè, mo wọ́n oògùn fẹnọlítálíìnì sí i, èyí tí ń sọ kọnkéré tí ara rẹ̀ ṣì pé di àwọ̀ pínkì. Láti ojú inú wọlé, odindi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kò yí àwọ̀ padà rárá. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó pọ́n. Kọńtíráátọ̀ sì rèé, sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ ló fi bo irin. Àsíìdì ti kọjá irin tipẹ́.

Níbo wá ni àsíìdì ti wá sí ibi tí omi kò dé?

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn ní ìpàdé nìyí. Nínú ọ̀rá yíyọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara páìpù àti ògiri lábẹ́ omi ìdọ̀tí, atẹ́gùn kì í débẹ̀. Bakitéríà kan ń gbé ibẹ̀ tó jẹ́ pé dípò atẹ́gùn tí àwa ń mí, sọ́fétì, irú iyọ̀ kan tó ní súfúrù nínú, ló ń lò. Sọ́fétì kò sì wọ́n nínú omi ilé: ó wà nínú omi kànga, ó wà nínú ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ fúnra wọn ń gbé e wá. Ohun tí bakitéríà yẹn ń yọ jáde ni háídírójìn sọ́fáìdì. Bí omi bá dúró jẹ́ẹ́, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á wà nínú omi. Bí omi bá já láti òkè, tó ń ta pàlà pàlà, á bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Bó tilẹ̀ wúwo díẹ̀, á bá oru omi gòkè lọ bá ara dẹ́kìn, níbi tí oru ti ń di ìrì, á sì yòrò sínú ìrì yẹn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ bakitéríà kejì ti ń dúró dè é, àwọn tó ń fẹ́ atẹ́gùn, tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ burúkú yẹn ṣe oúnjẹ. Ohun tí àwọn yẹn ń tọ̀ jáde ni àsíìdì súfúríìkì. Gbogbo awakọ̀ tó wà ní ìpàdé mọ̀ ọ́n: òun náà ni omi inú bátìrì mọ́tò.

Bí àsíìdì yìí bá pàdé sìmẹ́ǹtì, á sọ ọ́ di jípsọ́ọ̀mù. Nǹkan funfun tí mo fi sukurudíráfà gún nìyẹn, ìbátan POP tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé yàrá. Ẹni tó bá ti rí POP tí òjò pa mọ bó ṣe rí. Nítorí náà, omi ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ kò ṣe ògiri ní nǹkan kan. Ó tilẹ̀ ń dáàbò bò ó ni, nítorí pé bakitéríà alásíìdì kò lè gbé lábẹ́ omi. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí omi ló jẹ dẹ́kìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1900 ni wọ́n ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní Los Angeles. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹnjiníà fi rò pé afẹ́fẹ́ náà ló ń sọ ara rẹ̀ di àsíìdì, títí di 1945, nígbà tí C. D. Parker ní Melbourne, ní Ọsirélíà, rí bakitéríà náà mú nínú kọnkéré tó ti jẹrà. Ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí sì ti ń yára ṣiṣẹ́ jù.

Bàbá bíríkìlà mi orí. Ó ní ogójì ọdún lòun ti ń dá dẹ́kìn, òun kò rí i rí pé òórùn jẹ kọnkéré. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wo páńẹ́ẹ̀lì." Páńẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù wà lára ògiri lókè kànga, páìpù wáyà rẹ̀ sì gba inú dẹ́kìn wọlé láìsí ohunkóhun tó dí i. Gbogbo bàbà inú rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pààrọ̀ kọ̀ńtákítọ̀ rẹ̀, ìyẹn súìṣì tó ń tan pọ́ǹpù, láàárín ọdún méjì, iná NẸ́PÀ ni oníná sì ń dá lẹ́bi. Ìyàwó akọ̀wé, tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an, gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ó ní nítorí náà ni gbogbo ẹ̀wọ̀n fàdákà òun ṣe ń dúdú, tí òun fi ń bá oníṣọ̀ọ́bù jà ní ọjà Ṣábọ̀ pé ayédèrú ló tà fún òun. Fàdákà gidi ni. Irú afẹ́fẹ́ yìí kò fi fàdákà àti bàbà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ìgbà tí mo bèèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń lo ibùdó náà. Nínú ìwé tí kọńtíráátọ̀ fi lé wọn lọ́wọ́, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ máa tan fúnra rẹ̀ nígbàkúùgbà tí omi bá ti ga díẹ̀. Bí wọ́n ṣe lò ó fún ọdún méjì àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí owó dísù ga, wọ́n pinnu pé ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọn yóò máa tan jẹnẹrétọ̀, ní ìdájí àti ní alẹ́. (Ilé iṣẹ́ iná tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà, tó lè fún wa ní mẹ́gáwáàtì 1,320, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí, lápá Ìjẹdẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ síbẹ̀.) Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, omi ọgọ́rin ilé ń dúró nínú kànga, ó ń gbóná, ó ń gbó, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Páìpù tó ń gbé omi wọlé sì ga ju ojú omi lọ ní mítà kan ó lé. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ẹ́sítéètì, omi á já láti òkè, á sì gbọn afẹ́fẹ́ jáde. Òkè ojú ibi tí páìpù yẹn wà gan-an ni dẹ́kìn ti kọ́kọ́ já.

Òórùn pọ̀, àwọn ará ilé fi ẹjọ́ sùn. Kí ni ìgbìmọ̀ ṣe? Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí páìpù tí ń tú afẹ́fẹ́ kànga náà síta. Wọ́n dí ẹnu rẹ̀ pa. Òórùn lọ lóòótọ́, gbogbo èèyàn sì yin ìgbìmọ̀. Ọdún kẹrin nìyẹn. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí ìbá máa jáde lọ ni wọ́n há mọ́ abẹ́ dẹ́kìn, wọ́n tún fi ọ̀rinrin kún un fún un. Alága tó wà lórí oyè nígbà yẹn wà ní ìpàdé náà. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà kò wo ojú rẹ̀.

Mi ò torí èyí dá kọńtíráátọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Kò jí sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ó kọ́ kànga ìdọ̀tí bí ẹni ń kọ́ tánkì omi mímu: kò fi nǹkan kan bo ojú inú òkè, sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ ló fi bo irin níbi tí ó yẹ kó fi ó kéré tán márùn-ún, ó sì fi irin tí wọ́n kùn ní síǹkì ṣe àkàbà. Síǹkì kì í pẹ́ níwájú àsíìdì. Nígbà tí mo débẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló kù nínú mẹ́wàá, gbogbo wọn sì wà lábẹ́ omi.

Ohun kan tún wà tó bà mí nínú jẹ́. Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú kí dẹ́kìn tó já, ẹnì kan ti rí i pé abẹ́ rẹ̀ ń fọ́. Wọ́n pe bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn pílásítà rẹ̀, ó gbowó, ó lọ. Pílásítà náà ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ṣì bá ègé rẹ̀ nísàlẹ̀ kànga, ojú ẹ̀yìn rẹ̀ funfun nítorí POP ló lẹ̀ mọ́, kò lẹ̀ mọ́ kọnkéré. Ká ní wọ́n gbẹ́ ẹ dé ibi tó le lọ́jọ́ náà ni, dẹ́kìn yẹn ì bá ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Lórí àtúnṣe, àbá pọ̀. Àbúrò Alága tó ń gbé ìlú òyìnbó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ká wá sìmẹ́ǹtì tí sọ́fétì kì í mú. Sìmẹ́ǹtì náà wà, ó sì dáa fún ìpìlẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ oní-sọ́fétì. Àsíìdì kọ́ ni wọ́n ṣe é fún; bí àsíìdì ṣe ń jẹ sìmẹ́ǹtì yòókù náà ló ń jẹ òun. Ẹlòmíràn ní ká lo sìmẹ́ǹtì 52.5 nítorí ó le jù. Láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí òdiwọ̀n ọjà, ti pín iṣẹ́ fún sìmẹ́ǹtì ní Nàìjíríà, pé kí 32.5 máa jẹ́ ti pílásítà nìkan, kí 42.5 máa jẹ́ ti dídá kọnkéré, kí 52.5 sì wà fún afárá àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Líle yàtọ̀ sí àìjẹrà. Àsíìdì kò béèrè iye tí wọ́n kọ sára àpò.

Bàbá bíríkìlà ló mú àbá tó jọ mí lójú wá. Ó ní ṣebí òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, tí àsíìdì bá fẹ́ràn láti jẹ ẹfun, kí ló dé tí a kò fi òkúta ẹfun dá dẹ́kìn dípò gíránáìtì, kó ní nǹkan púpọ̀ tí yóò máa jẹ? Kò mọ̀ pé àwọn ẹnjiníà ìlú míì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Òkúta ẹfun á bá sìmẹ́ǹtì pín ìyà náà, kọnkéré á jẹ lọ ní dọ́gba dọ́gba, yóò sì pẹ́ ju ti gíránáìtì lọ. Síbẹ̀ jíjẹ ló ṣì ń jẹ. Fún kànga tí èèyàn ń gbà lókè rẹ̀ kọjá, mi ò fẹ́ ohun tí yóò máa jẹ.

Ohun tí a lò níkẹyìn jẹ́ méjì. Fún dẹ́kìn tuntun, rọ́bà líle irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe tánkì omi dúdú tó wà lórí gbogbo ilé ní Èkó. Ó máa ń wá ní ṣíìtì fífẹ̀, tí ẹ̀gún kéékèèké wà lẹ́yìn rẹ̀. A tẹ́ ẹ sórí pákó kí a tó to irin, ẹ̀gún rẹ̀ kọjú sókè, a sì da kọnkéré lé e lórí; bí kọnkéré bá gan, ẹ̀gún ti wọ inú rẹ̀, kò ní ṣí mọ́. Ojú tí afẹ́fẹ́ yóò máa rí kì í ṣe kọnkéré mọ́, rọ́bà ni, àsíìdì yẹn kò sì rí i jẹ. Oríkèé ni ewu rẹ̀ wà. Ibi tí ṣíìtì méjì ti pàdé, ooru ni a fi ń yọ́ wọn pọ̀, ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ sì ti tó fún afẹ́fẹ́ láti wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko la fi wo oríkèé nìkan.

Fún apá òkè ògiri tó ṣì ní ara, owó kò tó fún rọ́bà. Pẹ́ńtì ìpọ́kísì ni Akọ̀wé fẹ́, nítorí ó dán. Mi ò gbà. Pẹ́ńtì náà dáa lórí kọnkéré tó gbẹ, ṣùgbọ́n ògiri tó ti mu omi fún ọdún mẹ́sàn-án kì í gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àti pé a kò lè dá ìgbẹ́ ọgọ́rin ilé dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ akóẹ̀gbin ló ń bá wa gbé e lójoojúmọ́, owó rẹ̀ sì ń jẹ wá lọ́wọ́. A gbẹ́ gbogbo ohun tó rọ̀ kúrò títí fẹnọlítálíìnì fi pọ́n níbi gbogbo. A fi omi alágbára fọ̀ ọ́, a pààrọ̀ irin tó ti tín-ín-rín, a wá fi sìmẹ́ǹtì alúmínà rẹ́ ẹ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta, láti abẹ́ dẹ́kìn títí wọ abẹ́ ojú omi.

Sìmẹ́ǹtì yìí ni àwọn tó ń mọ iléru àti ààrò ìyọ́rin máa ń lò, ọ̀dọ̀ wọn la ti rí i rà. Dúdú ló jẹ́, ó sì máa ń gan kíákíá. Ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní 1908. Nínú afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí, ó ń pẹ́ ju sìmẹ́ǹtì tí a mọ̀ lọ dáadáa, nítorí pé ara rẹ̀ kì í tètè yòrò, àti pé alúmínà tó ń yọ jáde nínú rẹ̀ kò bá bakitéríà náà lára mu. Bàbá bíríkìlà bi mí pé kí ló dé tí a kò kúkú fi dá dẹ́kìn náà. Mo sọ fún un pé ooru àti ọ̀rinrin máa ń gba agbára lára rẹ̀ bí ọdún ti ń lọ. Ní 1974, òrùlé ilé ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan wó ní Lọ́ńdọ̀nù, sìmẹ́ǹtì yìí ni wọ́n fi ṣe igi àjà kọnkéré rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni mi ò ṣe lè fi gbé ẹrù. Kó máa ṣe aṣọ fún ògiri. Kó má ṣe egungun rẹ̀.

Àkàbà di fáíbà. A fa páìpù tó ń wọlé gùn sísàlẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi wọ abẹ́ omi, kí omi má bàa já mọ́. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni ìyẹn, òun ni mo sì rò pé ó wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀. A dí ẹnu páìpù wáyà, a gbé páńẹ́ẹ̀lì jìnnà. A ṣí páìpù afẹ́fẹ́ tí wọ́n dí, a sì darí rẹ̀ gba inú àpótí kan tí a kún fún ìhọ́ àgbọn láti Àgbádárìgì, tí a ń bu omi wọ́n kó lè máa tutù. Bakitéríà tó ń jẹ afẹ́fẹ́ náà á gbé inú ìhọ́ àgbọn, wọ́n á jẹ ẹ́ níbẹ̀ dípò kí wọ́n jẹ ẹ́ lára ògiri. Àsíìdì tí wọ́n bá ṣe, ìhọ́ àgbọn ni yóò bàjẹ́, a ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ló fa ìjà jù. Mo sọ ọ́ fún wọn pé kò sí ohun èlò tí mo lè tò sínú kànga yẹn tí yóò bá omi tó dúró láti àárọ̀ di alẹ́ jà títí ayé. Níkẹyìn wọ́n ra sólà tó lè gbé pọ́ǹpù kékeré kan, èyí tí ń tan bí omi bá ti ga ní ààbọ̀ mítà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, mo padà síbẹ̀. Ẹ̀rọ mi ka 4 nínú mílíọ̀nù kan lábẹ́ dẹ́kìn, níbi tí mo ti ka 60 ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ihò ti ṣí sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Òòlù dún bó ṣe yẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bébà àsíìdì tí mo tẹ̀ mọ́ ògiri kò pọ́n. Bọ́ọ̀tì méjì tó di àkàbà mú nìkan ló ti pọ́n, tí ìpẹtà rẹ̀ ń ṣàn sísàlẹ̀ lára ògiri. Èyí tí mo kọ sílẹ̀ fún wọn ni irin aláìpẹtà 316. Wẹ́dà ní 316 náà lòun rà ní Ṣábọ̀, mágínẹ́ẹ̀tì kò sì gbé e. Mágínẹ́ẹ̀tì kò lè ya 304, irin aláìpẹtà tó tètè ń pẹtà jù ú lọ, sọ́tọ̀ kúrò lára 316. Irin méjèèjì kì í fà mọ́ ọn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì. Ọlọ́dẹ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, àga tuntun rẹ̀ wà lórí ilẹ̀, ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí etí dẹ́kìn.